Ta Ni Ó Ni Àlọ́? Àyẹ̀wò Bí Charles Perrault Ṣe Kọ Àlọ́ Ilẹ̀ Faransé Sílẹ̀

Ìfáárà

Lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ lítírésọ̀ alohùn ni pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ yóò parun. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń rán wọn lọ sí abúlé láti lọ gba àlọ́, oríkì àti orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò pé ni. Ó mú un dà bí ẹni pé iṣẹ́ ìkọsílẹ̀ kò ju kí a da omi láti inú agbè kan sí inú agbè mìíràn lọ, tí omi náà yóò sì wà bí ó ṣe wà. Èrò wa nínú bébà yìí yàtọ̀ sí èyí. A gbà pé ẹni tí ó bá kọ àlọ́ sílẹ̀ ni ó ń yan ohun tí yóò kù nínú rẹ̀ àti ohun tí yóò sọnù. Èyí tí ó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ìwé tí ó wà nílẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tí ń kà á mọ̀ pé ohunkóhun ti sọnù.

Ilẹ̀ Faransé ni a ti mú àpẹẹrẹ wa. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí Charles Perrault ti tẹ àwọn àlọ́ kan jáde níbẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí lọ sí oko, wọ́n sì gbọ́ irú àlọ́ kan náà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀. Nítorí náà, a lè gbé ti inú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹnu, kí a sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wọn. Àlọ́ tí a ó fi ṣe òpó fún àyẹ̀wò wa ni èyí tí Perrault pè ní *Le Petit Chaperon rouge*, ìyẹn àlọ́ Ọmọdébìnrin Onífìlà Pupa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka irú rẹ̀ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láìmọ̀ pé Faransé ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́.

Perrault àti Ìgbà Ayé Rẹ̀

Paris ni a ti bí Charles Perrault ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1628. Amòfin ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ ìmọ̀ òfin. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Colbert, mínísítà pàtàkì fún Ọba Louis Kẹrìnlá. Ní ọdún 1671, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Académie française, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1635 láti máa bójú tó èdè Faransé. Ẹni ààfin ni Perrault, kì í ṣe ará oko.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1687, wọ́n ka ewì kan tí Perrault kọ níwájú ẹgbẹ́ náà. Ohun tí ó sọ nínú ewì yìí ni pé ìgbà ayé Ọba Louis tó ohun tí a lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìgbà ayé Kesari Ọ̀gọ́sítù ní Róòmù, kí ojú má sì tì wá. Inú bí Boileau, akéwì ńlá tí ó ka àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù sí olórí fún gbogbo òǹkọ̀wé. Báyìí ni àríyànjiyàn ńlá bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn tí ó ń tẹ̀lé ti àtijọ́ àti àwọn tí ó ń tẹ̀lé ti òde òní. Perrault ni aṣíwájú àwọn ti òde òní. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé ṣé èdè Faransé tó ohun tí a lè fi kọ lítírésọ̀ gidi, àbí ó gbọ́dọ̀ máa tọrọ lọ́wọ́ Gíríìkì àti Látìn títí ayé? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí a ní láti fi ẹ̀rí hàn pé èdè Yorùbá ní lítírésọ̀.

Inú ìjà yìí ni àlọ́ ti wúlò fún Perrault. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ sí àwọn àlọ́ tí ó sọ di ewì, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1695, ó jiyàn pé púpọ̀ nínú ìtàn àròsọ àwọn ará àtijọ́ kò ju fún ìdùnnú lásán lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn àlọ́ tí àwọn baba ńlá Faransé ń pa fún ọmọ wọn kì í ṣàìní ẹ̀kọ́ rere nínú. Ó yẹ kí a fi ojú sí ibí yìí dáadáa. Àlọ́ wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí tí a bá sì fẹ́ mú lọ sí kóòtù, a ó wẹ̀ fún un, a ó wọ aṣọ tí ó mọ́ fún un, a ó sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí.

Ní ọdún 1697 ni Claude Barbin, atẹ̀wé ní Paris, tẹ *Histoires ou contes du temps passé, avec des moralités* jáde. Àkọlé yìí túmọ̀ sí ìtàn tàbí àlọ́ ìgbà àtijọ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú wọn. Àlọ́ mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí a fi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ìfìwéjìn kì í ṣe ti Perrault fúnra rẹ̀. P. Darmancour ni, ìyẹn Pierre ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ipa tí ọmọ yìí kó nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ àbúrò ọba, Élisabeth-Charlotte d'Orléans, ni a fi ìwé náà jìn. Ní iwájú ìwé ni àwòrán kan wà: obìnrin àgbàlagbà kan jókòó nídìí iná, ó ń ran òwú, ó sì ń pa àlọ́ fún àwọn tí ó yí i ká. Lókè orí rẹ̀ ni a kọ *Contes de ma mère l'Oye* sí. Àlọ́ ìyá mi Oye ni ìtumọ̀ rẹ̀. Oye sì ni ẹyẹ ọ̀sìn ńlá kan tí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ka iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé yìí. Atẹ̀wé ní orúkọ. Ọmọ òǹkọ̀wé ní orúkọ. Ọmọ àbúrò ọba ní oyè. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ ni àlọ́ ti ń jáde nìkan ni kò ní ju orúkọ ẹyẹ lọ.

Àlọ́ Náà Lẹ́nu Àwọn Ará Oko

Ní nǹkan bí ọdún 1885, Achille Millien, akéwì tí ó ń gba orin àti àlọ́ sílẹ̀, gbọ́ àlọ́ kan ní agbègbè Nièvre, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Ní àwọn ọdún 1950 ni Paul Delarue jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ iyì ẹ̀dà yìí, nígbà tí ó kó ẹ̀dà márùndínlógójì (35) àlọ́ náà jọ láti agbègbè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ̀dà tí Millien gbọ́ ṣe lọ nìyí ní ṣókí.

Obìnrin kan ṣe búrẹ́dì, ó sì rán ọmọbìnrin rẹ̀ pé kí ó gbé búrẹ́dì gbígbóná àti ìgò mílíìkì lọ fún ìyá àgbà rẹ̀. Ní oríta, ọmọ náà pàdé ènìyàn kan tí ó máa ń para dà di ìkookò. Ó bi í pé ọ̀nà wo ni yóò gbà, ṣé ọ̀nà abẹ́rẹ́ ni tàbí ọ̀nà píìnì? Ọmọ náà ní ọ̀nà abẹ́rẹ́ ni òun yóò gbà. Ìkookò gba ọ̀nà kejì, ó dé ilé ṣáájú, ó pa ìyá àgbà, ó kó díẹ̀ nínú ẹran ara rẹ̀ pamọ́, ó sì rọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Nígbà tí ọmọ náà dé, ìkookò ní kí ó jẹ ẹran kí ó sì mu wáìnì. Ó jẹ, ó mu, ológbò kékeré kan sì bú u pé ẹran ara ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ń jẹ. Lẹ́yìn èyí, ìkookò ní kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó jù wọ́n sínú iná, kí ó sì wá sùn ti òun. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa irun ara rẹ̀, èékánná rẹ̀, èjìká rẹ̀, etí rẹ̀, imú rẹ̀, títí tí ó fi kan ẹnu.

Nígbà tí ó kan ẹnu ni ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ ṣe gáà. Ìkookò ní kí ó ṣe é sórí ibùsùn; ó kọ̀. Ìkookò bá so okùn òwú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó jáde. Bí ó ti dé ìta, ó tú okùn náà, ó so ó mọ́ igi eléso kan ní àgbàlá, ó sì sá lọ. Ìkookò pè é títí, kò gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí ó fura tí ó sì lé e, ọmọ náà ti wọ ilé ìyá rẹ̀.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé ọdún 1885 kò lè jẹ́rìí sí ọdún 1697. Ìdí pàtàkì wà fún irú àtakò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àlọ́ tí ó dúró sójú kan fún igba ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí Delarue gbé ka iwájú wa ju ti ẹ̀dà kan lọ. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ àti ọ̀nà píìnì, ẹran ara ìyá àgbà, àti okùn tí a so mọ́ ẹsẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń jẹ yọ ní agbègbè tí ó jìnnà síra wọn, lẹ́nu àwọn tí àlọ́ wọn kò gbé àmì ìwé Perrault lára. A kò sì ní sọ pé ọmọ náà bọ́ nínú gbogbo ẹ̀dà. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ìkookò pa á jẹ. Ohun tí a lè sọ ni pé apàlọ́ ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀, ó sì lè gba èyí tí ó bá wù ú ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun Tí Perrault Yọ àti Ohun Tí Ó Fi Kún Un

Nínú ìwé Perrault, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù. Ọmọ náà gbé àkàrà òyìnbó àti bọ́tà lọ. Ó pàdé ìkookò nínú igbó, ó sì bá a sọ̀rọ̀ láìfura. Ó ń ṣeré lójú ọ̀nà títí ìkookò fi dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ, ó sùn ti ìkookò, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀, ìkookò sì gbé e mì. Àlọ́ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e ní ewì, tí ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin pé kí wọ́n má ṣe fetí sí àlejò, àti pé àwọn ìkookò tí ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ tẹ̀lé wọn títí dé inú ilé ni ó léwu jù.

Ohun mẹ́rin ni kò sí mọ́: ọ̀nà abẹ́rẹ́ àti ọ̀nà píìnì, jíjẹ ẹran ara ìyá àgbà, ológbò tí ó ń bú ọmọ, àti okùn tí ọmọ fi gba ara rẹ̀ là. Ohun méjì ni ó jẹ́ tuntun: fìlà pupa àti ẹ̀kọ́ ìparí.

Ó rọrùn láti sọ pé ohun tí ó rí bí èérí ni Perrault fọ̀ kúrò. Òǹkàwé rẹ̀ jẹ́ ẹni ààfin. Kò lè mú jíjẹ ẹran ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ wá síwájú ọmọ àbúrò ọba. Ṣùgbọ́n Yvonne Verdier, onímọ̀ nípa àṣà tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn obìnrin ní abúlé Minot ní agbègbè Burgundy, fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1970 pé ohun tí Perrault yọ náà gan-an ni eegun ẹ̀yìn àlọ́. Ní abúlé bẹ́ẹ̀, bí ọmọbìnrin bá ti tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a máa fi í sọ́dọ̀ aránṣọbìnrin ní ìgbà òtútù. Kì í ṣe aṣọ rírán nìkan ni ó ń kọ́ níbẹ̀. Ó ń kọ́ bí a ti ń di obìnrin. Píìnì jẹ mọ́ ọmọge, ọ̀dọ́mọkùnrin a sì máa fi ṣe ẹ̀bùn fún un. Abẹ́rẹ́, èyí tí ó ní ojú tí òwú ń gbà kọjá, jẹ mọ́ obìnrin tí ó ti dàgbà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ìkookò béèrè ní oríta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà lásán. Ohun tí ó ń bèèrè ni ibi tí ọmọ náà dé nínú ayé obìnrin. Nígbà tí ọmọ náà sì jẹ nínú ìyá àgbà rẹ̀, tí ó tún padà sílé láàyè, àlọ́ ń sọ ohun líle kan nípa bí ìran kan ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ìran tí ó ṣáájú. Yorùbá ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Perrault yọ abẹ́rẹ́ kúrò; okùn kò sì rí ọ̀nà gbà mọ́.

Kókó tí ó ṣe pàtàkì jù níbí ni ti ẹ̀bi. Nínú ẹ̀dà àwọn ará oko, yálà ọmọ náà kú tàbí ó yè, kò sí ẹ̀kọ́ tí a lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ pé bíbá àlejò sọ̀rọ̀ ni ó pa á. Ayé ni ó burú. Ìkookò sì wà nínú ayé. Nínú ìwé Perrault, ọmọ náà jẹ̀bi ikú ara rẹ̀. Àlọ́ tí ó fi bí obìnrin ṣe ń dàgbà hàn di àlọ́ tí ó ń bá obìnrin wí.

Ọgbọ́n Ta Ni Ó Kù Nínú Ìwé?

A kò gbọdọ̀ rò pé Perrault kórìíra ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Nínú ìwé kan náà, *Le Petit Poucet* kún fún un. Àlọ́ yìí dá lórí aṣẹ́gi kan àti ìyàwó rẹ̀ tí ó bí ọmọkùnrin méje. Nígbà tí ìyàn mú, wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sínú igbó kí wọ́n má baà rí ikú wọn. Ìyàn yìí kì í ṣe àròsọ lásán fún àwọn tí ó ka ìwé náà ní ọdún 1697. Ní ọdún 1693 àti 1694, ìyàn ńlá jà ní ilẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ebi àti àrùn pa. Nínú àlọ́ náà, àbíkẹ́yìn tí ó kéré jù lọ ni ó fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì sí ọ̀nà, òun ni ó pààrọ̀ fìlà àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú adé orí àwọn ọmọ òmìrán ajẹ̀nìyàn, tí òmìrán náà fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ológbò oníbàtà pẹ̀lú fi irọ́ àti ọgbọ́n sọ ọ̀gá rẹ̀ di àna ọba. Kò sí ẹni tí ó bá àwọn wọ̀nyí wí. Ọgbọ́n ju agbára. Perrault gbà bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin àti fún ológbò.

Ọmọbìnrin tí ó ní irú ọgbọ́n yìí gan-an, tí ó fi okùn tan ìkookò jẹ, ni ọgbọ́n rẹ̀ kò dé inú ìwé. A kò lè sọ pé àṣà ìgbà náà ni kò gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láyè. Ní nǹkan bí ọdún 1695 sí 1696, Marie-Jeanne Lhéritier, ìbátan Perrault fúnra rẹ̀, tẹ *L'Adroite Princesse* jáde, àlọ́ ọmọbìnrin ọba kan tí ó fi làákàyè borí ọmọ ọba oníwà ibi. Ní ọdún 1697 pẹ̀lú, Madame d'Aulnoy tẹ àwọn àlọ́ tirẹ̀ jáde, obìnrin olóye sì wà nínú wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àlọ́ Lhéritier nígbà tí ó yá tó ohun tí a ń ronú sí. Àwọn atẹ̀wé kan fi í kún ìwé Perrault bí ẹni pé òun ni ó kọ ọ́. Bí obìnrin tí ó mọ̀wé bá lè pàdánù orúkọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa arúgbó tí ó ń ran òwú nídìí iná?

Ibi Tí Ohùn Ṣẹ́kù Sí

Síbẹ̀, ìdájọ́ òdodo kò ní jẹ́ kí a sọ pé Perrault pa ohùn àlọ́ náà rẹ́ pátápátá. Ó fi àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí kò bá ti ààfin mu sí ibi tí ìyá àgbà ti ń sọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó fi ìbéèrè àti ìdáhùn tí ọmọ àti ìkookò ń ṣe síra wọn sílẹ̀, pẹ̀lú àwítúnwí tí ó wà nínú rẹ̀. Irú àwítúnwí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé máa ń bá apàlọ́ gbé, bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń gbe orin àlọ́.

Ẹ̀rí tí ó dára jù wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 1695, tí ó wà ní ilé ìkàwé Morgan ní New York. Àlọ́ márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìkookò ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, a kọ àlàyé kékeré kan pé kí ẹni tí ń ka àlọ́ náà gbé ohùn sókè níbẹ̀ láti dẹ́rù ba ọmọ tí ó ń gbọ́ ọ, bí ẹni pé ìkookò fẹ́ jẹ ọmọ náà gan-an. Nígbà tí ìwé jáde ní ọdún 1697, àlàyé náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Láàrin ọdún méjì, àlọ́ tí a ń pa fún ọmọ tí ó jókòó níwájú ẹni di àlọ́ tí a ń kà lójú ìwé. Ohùn líle kúrò. Ẹ̀kọ́ ewì ni ó wá parí àlọ́.

Àwọn Lámèyítọ́ àti Fìlà Pupa

Ìwé Perrault rìn jìnnà. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì, Grimm, tẹ àkójọ àlọ́ wọn jáde ní Jámánì ní ọdún 1812, àlọ́ ọmọbìnrin àti ìkookò wà nínú rẹ̀. Jeannette Hassenpflug ni ó pa á fún wọn. Ìdílé ìyá rẹ̀ sì wá láti inú àwọn Huguenot, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí inúnibíni lé kúrò ní Faransé. Nínú ti Grimm, ọdẹ kan ni ó wá la inú ìkookò tí ó sì yọ ọmọ náà jáde. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó gbà á; ọgbọ́n tirẹ̀ kò padà wá síbẹ̀.

Orí irú ẹ̀dà báyìí ni àwọn lámèyítọ́ ńlá kan ti kọ́lé wọn. Ní ọdún 1951, Erich Fromm fi tíọ́rì ìtúpalẹ̀ ọkàn wo àlọ́ náà, ó sì ka fìlà pupa sí àmì nǹkan oṣù obìnrin. Bruno Bettelheim tẹ̀lé irú ọ̀nà kan náà ní ọdún 1976. Ní ọdún 1984, Robert Darnton, onímọ̀ ìtàn, ta kò wọ́n pé ohun tí kò sí nínú àlọ́ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń túmọ̀. Nínú ẹ̀dà tí Millien gbọ́, kò sí fìlà pupa rárá. A gbà pẹ̀lú Darnton lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ẹnu àwọn ará ìlú ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni ààfin kan ṣoṣo ni ó ń túmọ̀, tí ó sì ń pè é ní gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé.

Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí À Ń Gba Àlọ́ Sílẹ̀

Wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí Perrault jìn sí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ tiwa. Bí a bá ṣí iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lórí àlọ́, a ó rí i pé ètò kan náà ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn: àkọlé, ìtàn, lẹ́yìn náà 'ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa'. Orin àlọ́ máa ń kéré tàbí kí ó má sí. Ohun tí àwọn agberin sọ kò sí. Orúkọ apàlọ́, bí ó bá wà rárá, ẹ̀yìn ìwé ni ó wà, nínú àtẹ kan pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀.

N kò lè dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi, nítorí ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo gba àlọ́ kan lẹ́nu ìyá àgbàlagbà kan. Ìyàwó ọ̀dàlẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí ìyà kankan tí ó jẹ ẹ́ títí àlọ́ fi parí. Mo bi màmá náà pé, 'Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú rẹ̀?' Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ọmọ mi, àlọ́ ni mo pa fún ọ, n kò wàásù.' Nígbà tí mo dé ibi ìkọ̀wé, mo wá ẹ̀kọ́ kan kọ sí i, nítorí gbogbo àlọ́ yòókù nínú iṣẹ́ náà ni ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọ̀dàlẹ̀ kì í gbẹ̀yìn dáadáa. Ìyá náà ti dolóògbé, kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba ohùn wọn sì ti bàjẹ́. Ohun tí ó kù nílẹ̀ báyìí ni ẹ̀kọ́ tí wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, a dá àwọn àbá wọ̀nyí. Èkíní, kí orúkọ apàlọ́, bí ó bá fi ọwọ́ sí i, wà ní orí àlọ́ gan-an, pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀. Èkejì, kí orin àti ègbè rẹ̀ wà ní ibi tí wọ́n ti jẹ yọ, kí a sì kọ ohun tí àwọn olùgbọ́ sọ. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe yọ ohun tí ó rí bí ọ̀rọ̀ rírùn láìsọ pé a yọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni àlọ́ náà dúró lé. Ẹ̀kẹrin, kí a wá ẹ̀dà mìíràn láti ìlú mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ àmì kankan. Ẹ̀karùn-ún, bí apàlọ́ kò bá sọ ẹ̀kọ́, kí àwa náà má ṣe sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀. Bí a bá ní èrò tiwa, kí a kọ ọ́ sí àyè ọ̀tọ̀, kí a sì fi orúkọ ara wa sí i.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé Perrault kò kàn gba àlọ́ ilẹ̀ Faransé là lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ó lò ó láti jà fún èdè rẹ̀, ó sì borí nínú ìjà náà, nítorí títí di òní ni gbogbo ayé ń ka àwọn àlọ́ rẹ̀. Ohun tí ó san fún ìṣẹ́gun yìí ni ọgbọ́n ọmọbìnrin kan àti ohùn àwọn obìnrin tí ó ń pa àlọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ará Nièvre àti àwọn agbègbè mìíràn ṣì ń pa á lẹ́nu, a kì bá tí mọ̀ láéláé pé okùn kan wà, tàbí pé a so ó mọ́ igi.

Àwa pẹ̀lú ń jà fún èdè wa, àlọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìjà wa. Ìjà náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé àlọ́ kan síwájú ayé pé ti Yorùbá ni, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá ìyá tí ó pa á fún wa yóò dá a mọ̀ bí a bá kà á sí i létí.